Ọkọ̀ Abẹ́ Omi Tó Kó Sínú Àwọ̀n Túnà

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹjọ, 1917

Ìwé, jọ̀wọ́ má bínú sí ọwọ́ mi. Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò nílé ẹ̀kọ́ kí ìyá mi tó ní kí n wá máa ṣọ́ àgùntàn, láti ìgbà náà orúkọ mi nìkan ni mo ń kọ, ìyẹn náà kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu mi, ó tún wá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìwé. Bí lẹ́tà kan bá dorí kodò, wò ó bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.

Fadá Mavro ló fún mi ní ọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, pé kí n máa kọ àdúrà sí ọ. Èmi ò mọ àdúrà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wà lọ́kàn mi ni n ó máa kọ. Inú àpótí ìyẹ̀fun ni n ó máa fi ọ́ pamọ́ sí, nítorí láti oṣù Kẹfà kò sẹ́ni tó ń ṣí i mọ́.

Ó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lónìí tí mo dé ilé yìí. Ojú ṣì ń tì mí láti pe ọkọ mi lórúkọ níwájú ìyá rẹ̀, àmọ́ níbí mo lè pè é. Bartol. Bartol. Ó dùn ún kọ.

Ìyá Luce, ìyá ọkọ mi, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n Franka, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ló ń bá gbogbo wa sọ tiwa. Ogun pa ọkọ tirẹ̀ ní Galicia, ó sì padà sílé. Òun ló ń pè mí ní "ìyàwó aláìlẹ́nu."

Ìyẹ̀fun àgbàdo ti di owó kruna mẹ́fà kílò kan, lábẹ́lẹ̀. Iyọ̀ ò sí rárá.

Lánàá lẹ́yìn Máàsì, Bàbá Zvane, olórí àwọ̀n, tún ka ìwé Késárì sókè. Ọkùnrin mẹ́jọ ní Dražina, ìlú wa, ni ìwé náà yọ kúrò nínú ogun, níwọ̀n ìgbà tí àwọ̀n túnà bá wà nínú omi tó sì ń pa ẹja fún àwọn ọmọ ogun. Ọkọ mi ni ìkẹjọ, aṣọ́nà orí àkàbà tí wọ́n ti ń wo ẹja. Bí ìwé yẹn bá já, ojú ogun Soča ni wọ́n ń kó wọn lọ. Àwọn tó ti lọ sí Soča, agogo ṣọ́ọ̀ṣì la fi ń gbúròó wọn.


Ọjọ́ kẹsàn-án

N ó sọ nǹkan kan fún ọ, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ọkọ mi ò ríran jìnnà mọ́.

Lánàá a jọ ń gòkè bọ̀ láti etí omi, Bartol bọ́ fìlà, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Fadá." Ewúrẹ́ dúdú Ìyá Orsola, aládùúgbò wa, ni, ó ń jẹ ewé ọ̀pọ̀tọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí i pé òun ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní láti ìgbà ìrúwé ni. Ohun tó wà nítòsí ṣì mọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ń yọ́ bí iyọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni túnà ti wọlé tí wọ́n ti jáde lábẹ́ ojú rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Bàbá Zvane rò pé èmi ló fà á. Ó kígbe níwájú gbogbo ènìyàn pé, "Ọkọ ìyàwó, oorun ìyàwó ló wà lójú ẹ!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bartol ní inú òun dùn pé wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ojú tèmi mú. Mo máa ń ka àgùntàn lórí òkè kejì látijọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin kì í gun àkàbà. Bàbá Zvane ní bí obìnrin bá gùn ún, ẹja yóò kọ omi wa sílẹ̀.


Ọjọ́ kọkànlá

Mo gùn ún. Ìwé, mo gùn ún!

Ṣòkòtò Bartol, kóòtù rẹ̀, irun mi lábẹ́ fìlà rẹ̀. Mo ti sọ fún Ìyá Luce pé igi ìdáná ni mo ń lọ ṣẹ́. Àkàbà náà ga ju ilé agogo lọ, ó dagun sórí omi, ó sì ń mì bí ẹ̀ka igi. Bartol jókòó sínú ahéré òkúta nísàlẹ̀, okùn tín-ín-rín kan so ọwọ́ mi pọ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí mo bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹja ń bọ̀. Bí mo bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, òun a pariwo, "Ẹ fà á o!" nítorí ohùn ọkùnrin ni àwọn tó wà lẹ́yìn àpáta, nídìí okùn ńlá tó ń pa ẹnu àwọ̀n dé, mọ̀. Láti ọ̀dọ̀ wọn, kóòtù àti fìlà nìkan ni wọ́n ń rí.

Omi mọ́ bí gíláàsì. Wọ́n wọlé, wọ́n dúdú, wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn bí àgùntàn. Mọ́kàndínlógún! Bàbá Zvane gbá Bartol lẹ́yìn, ó ní, "Ojú ẹ ti là, ọkọ ìyàwó!" Orí ẹja kan kàn wá. A fi jẹ palenta, òkèlè àgbàdo wa. Ìyá Luce rẹ́rìn-ín, n kò rí eyín rẹ̀ rí tẹ́lẹ̀.


Ọjọ́ kẹrìnlá

Bí o ò bá lè ka èyí, ẹ̀bi mi ni.

Afẹ́fẹ́ gúúsù ti ń fẹ́ láti ìjẹta, omi rí bí eérú. Mo wà lókè kí oòrùn tó yọ. Mo rí òjìji kan lẹ́nu ọ̀nà omi. Ó gùn, ó dúdú, ó rọra ń bọ̀. Mo ní ọ̀pọ̀ túnà ló ṣù mọ́ra wọn. Kò sí ẹyẹ kankan lórí rẹ̀, ó yẹ kí n ronú sí ìyẹn. Ebi ló ń wò lówùúrọ̀ yìí, kì í ṣe ojú. Mo ti ń ka orí ẹja tí yóò kàn wá. Mo fa okùn lẹ́ẹ̀kan. Ó wọlé pátá. Mo fà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ fà á o! Ẹ fà á!"

Mo gbọ́ tí àwọn obìnrin ń ké bí wọ́n ti ń fà. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ Ẹ̀gbọ́n Franka: "Kí lèyí? Òun ló ń fà wá!" Gbogbo igi tó gbé àwọ̀n dúró lójú omi rì lẹ́ẹ̀kan náà. Omi là. Irin yọ, ó ga bí ilé, àwọ̀n wa wé e lórí bí ìborùn opó.

Kò sẹ́ni tó mira. Ilẹ̀kùn kan ṣí lórí irin náà, èéfín funfun tú jáde, ọkùnrin kan sì yọjú, ó ń wúkọ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Nígbà tó yá, ó mú ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ láti fi nu imú.

Bàbá Zvane fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. Ó ní, "Mo ti ń pa ẹja láti ọmọ ọdún mẹ́wàá. N kò rí ẹja tó ní ilẹ̀kùn rí."

Ẹ̀gbọ́n Franka ló kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Ó fi ọwọ́ sí ìbàdí. "Ẹ̀yin ará Ítálì! Ta ni yóò tún àwọ̀n wa ṣe? Mò ń bá yín sọ̀rọ̀!"

"Ẹ má bínú, ìyá, ẹ má bínú," ni ọ̀gá wọn ń wí, bí ẹni tó ṣèèṣì tẹ̀ wá lẹ́sẹ̀ lọ́jà.

Àwọ̀n ti wé irin tó ń yí nídìí ọkọ̀ wọn. Wọn ò lè lọ síwájú, wọn ò lè padà, èéfín ò sì jẹ́ kí wọ́n lè tún rì. Ọlọ́pàá wa méjèèjì sáré dé pẹ̀lú ìbọn kan ṣoṣo. Ọkùnrin mẹ́tàlá ló jáde, wọ́n tò sórí iyanrìn, ojú wọn pọ́n, irùngbọ̀n wọn kún fún òróró. Ọ̀tá nìwọ̀nyí? Wọ́n rù bíi tiwa.

Mo sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí gbogbo ojú wà lára irin náà. Bartol ń wọ kóòtù rẹ̀ padà, ó ń wí pé, "Kí ni? Sọ fún mi, kí ni wọ́n rí?"

Mo ní, "Bartol, mo ti fa ogun wọ ilé wa."


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ọjọ́ Màríà Wúńdíá

Fadá ní Màríà ló fi ojú Bartol ríran. Wọ́n gbé ọkọ mi sí èjìká yí ṣọ́ọ̀ṣì ká. Ọ̀gágun ọkọ̀ ojú omi kan ti dé láti Pula, níbi tí àwọn ọkọ̀ ogun Késárì ń gúnlẹ̀ sí, irùngbọ̀n rẹ̀ pupa, ó fún un ní sìgá.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ọ̀tá ni, nínú omi tó rí báyẹn?"

"Mo kàn... mo rí i ni, ọ̀gá."

"Ẹ gbọ́! Ó kàn rí i ni!"

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mo wà lẹ́yìn ògiri. Èmi náà pàtẹ́wọ́.


Ọjọ́ kejìdínlógún

Àwọn òmùwẹ̀ ológun ti gé àwọ̀n wa lára ọkọ̀ náà. Wọ́n gé e bí ẹni gé irun òkú. Wọ́n ti fa ọkọ̀ náà lọ, ìdá kan nínú mẹ́ta àwọ̀n wa bá a lọ.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ kọ. Kí onírùngbọ̀n pupa tó lọ, ó di èjìká Bartol mú níwájú gbogbo ènìyàn. "Irú ojú báyìí, Késárì ló ni ín. Ṣé àkàbà ẹja ló yẹ ẹ́? Orí ọkọ̀ ogun wa ni wàá ti máa ṣọ́nà." Ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀ ni yóò padà wá, pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ, yóò sì mú un lọ. Àwọn ènìyàn hó yè. Ìyá Luce kò hó.

Bartol kò jẹun láti àná. Ó ní, "Ọ̀ọ́dúnrún ọkùnrin, Perina. Wọn á máa sùn nísàlẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé mò ń bá wọn ṣọ́nà."

"Sọ fún wọn pé ojú ń dùn ọ́."

"Láti ìgbà wo? Wọn á bèèrè. Irọ́ lórí ìwé Késárì, ẹ̀wọ̀n ni. Ìwé àwọn méje yòókù náà á bá a já. Bàbá Zvane fi orúkọ rẹ̀ búra fún mi."

Èmi ni mo rí ọkọ̀ náà. Òun ni wọ́n ń bọ̀ wá mú.


Ọjọ́ kejìlélógún

Gbogbo obìnrin ìlú ló jókòó sí etí omi, a ń tún àwọ̀n ṣe. Òwú ò sí. A ti tú okùn àwọn ọkọ̀ tí kò lọ sódò mọ́, a ti tú okùn tí a fi ń sá aṣọ. Lónìí Fadá já okùn agogo fún wa. Ìyá Orsola ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ó ti rẹ̀ mí láti máa gbọ́ ohun tí agogo yẹn ń wí." Wọ́n rẹ́rìn-ín, a sì ń hun lọ.

Ọjọ́ méjìlá ló kù.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Òjò. Palenta lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Bartol ń wo ojú mi láti ìtòsí, bí ẹni tó ń há a sórí.


Ọgbọ̀njọ́

Ẹ̀gbọ́n Franka bá mi níbi ìfọṣọ. Ó gbé ṣòkòtò Bartol sókè.

"Ìyàwó, ṣé ẹsẹ̀ ọkọ ẹ ti kúrú ni? Wò ó, ẹnì kan ká a sókè, ó fi òwú pupa rán an. Ọkùnrin wo ló ń fi òwú pupa rán ṣòkòtò?"

Mo fẹ́ parọ́, ẹnu mi ò gbà á.

Ó ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ ẹja mọ́kàndínlógún. Bí àbúrò mi bá ṣe nǹkan fúnra ẹ̀, á máa yangàn. Lọ́jọ́ yẹn ìwọ ló ń wò, kò wo ẹja."

"Kí ni n ó ṣe, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Sọ ọ́."

"Ojú ń tì mí."

"Ojú ń tì ẹ́!" Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Ojú ti èmi náà lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú tèmi. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò pariwo, mi ò di aṣọ ẹ̀ mú, kí wọ́n má baà ní aya Zorić kò lẹ́kọ̀ọ́. Ìtìjú yẹn ṣì wà nílé, ìyàwó. Ọkọ ni kò sí."

Ó fọ ṣòkòtò náà fúnra rẹ̀.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹsàn-án

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ti rí gan-an.

Onírùngbọ̀n pupa dé pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ nínú àpótí kékeré, àti akọ̀wé kan. Gbogbo ìlú péjọ. Ó ní kí Bartol kọ́kọ́ gun àkàbà kí akọ̀wé òun rí bó ti ń ṣe é. Bartol gùn ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì mọ ọ̀nà.

Ọ̀gágun gbé awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn sójú, ó kígbe sókè: "Ọkọ̀ kékeré wo nìyẹn níwájú erékùṣù? Ènìyàn mélòó ló wà nínú ẹ̀?"

Bartol na ọrùn síwájú, ó ń ṣẹ́jú.

"Má bẹ̀rù, eré là ń ṣe. Mélòó?"

Mo rí ọwọ́ Bartol lára igi. Ó ń wá okùn tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Franka wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò wò mí. Ó kàn fi bàtà onígi rẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀.

Mo ní, "Mẹ́ta ni wọ́n." Ohùn ò jáde. Mo tún un sọ. "Mẹ́ta ni wọ́n, ọ̀gá. Obìnrin kan ló di àjẹ̀ mú, ìborùn pupa ló wé. Bàbá kan jókòó sídìí ọkọ̀. Ìkẹta... ajá ni, ẹ forí jì mí. Ènìyàn méjì ni."

Ọ̀gágun tún gbé awò sójú. Ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

Nígbà tí ẹnu mi ti là, kò pa dé mọ́. Mo ní, "Èmi ni mo wà lókè lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé ẹja ni. Ojú ọkọ mi ti ń ṣókùnkùn láti ìgbà ìrúwé. Ẹ má mú un lọ sórí ọkọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọlọ́mọ ló wà níbẹ̀." Mi ò sọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ojú ọ̀gágun pọ́n ju irùngbọ̀n rẹ̀ lọ. Ó ní, "Mo ti kọ̀wé sí Vienna! Mo kọ ọ́ pé akọni ọkùnrin kan ló mú ọkọ̀ yẹn! Kí ni kí n wá kọ báyìí? Pé ìyàwó tuntun kan fẹ́ jẹ ẹja?"

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. "Má kọ ìyẹn, òmùgọ̀!"

Àmì ẹ̀yẹ padà sínú àpò. Bartol sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n mú un lọ sí Pula kí dókítà yẹ ojú rẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ irọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, wọn ò sọ ohun tí yóò jẹ́. Mi ò dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo di aṣọ rẹ̀ mú títí ọlọ́pàá fi já ìka mi kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.


Ọjọ́ kẹrin

Bàbá Zvane kọjá níwájú ilé wa, kò dáhùn ìkíni mi. Ó sọ fún afẹ́fẹ́ pé, "Obìnrin lórí àkàbà! Abájọ tí irin fi wọlé dípò ẹja."

Ìyá Orsola tutọ́ sílẹ̀ nígbà tí mo dé ibi kànga. Ìyá Luce mú korobá lọ́wọ́ mi, ó lọ pọn omi náà fúnra rẹ̀.


Ọjọ́ kẹwàá

Kò sí ìròyìn. A ti parí àwọ̀n. Ọwọ́ gbogbo wa di egbò.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Àwọ̀n ti wà nínú omi láti ọjọ́ mẹ́rin. Bàbá Zvane fúnra rẹ̀ ló ń gun àkàbà, ẹni àádọ́rin ọdún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé a ń rí i láti ilé.

Lówùúrọ̀ yìí mo wà lóko ẹ̀fọ́, mo rí túnà wọlé. Mo rí wọn kedere. Bàbá Zvane kò pariwo. Wọ́n yí po, wọ́n jáde. Mo bu ìyẹ̀pẹ̀ sẹ́nu kí n má baà kígbe. Ìwé, ìyẹ̀pẹ̀ gidi ni.

Ìyẹ̀fun ti di kruna mẹ́jọ. Ẹ̀gbọ́n Franka ta òrùka rẹ̀. Ó ní ó ti ń tóbi jù fún ìka òun.


Ogúnjọ́

Ó DÉ. Bartol dé!

Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti ibi tí rélùwéè já a sí. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó súnmọ́ mi, ó wò mí dáadáa, ó ní, "Ìwọ ni àbí ewúrẹ́ Ìyá Orsola?" Mo lù ú láyà. Lẹ́yìn náà mo sunkún sí i láyà ibẹ̀ náà.

Dókítà ti rí i pé òótọ́ ni. Ojú rẹ̀ ò yẹ fún ọkọ̀, kò yẹ fún ìbọn. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ lè gbé ṣọ́bìrì," ni wọ́n kọ sínú ìwé. Wọ́n gbà kó máa wa ọkọ̀ àwọ̀n, kí orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú àwọn mẹ́jọ. Àmọ́ wọ́n ní àwọ̀n tí kò pa ẹja fún ọmọ ogun kì í ṣe àwọ̀n. Bí kò bá tí ì pa ẹja kankan títí ọjọ́ Máíkẹ́lì Mímọ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ Késárì ń bọ̀ wá wò ó, ìwé já fún gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Soča. Bartol á lọ gbẹ́ kòtò níbi tí kò ti ní rí ohun tó ń bọ̀ lójú ọ̀run.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án.


Ọjọ́ kẹtàlélógún

Bura, afẹ́fẹ́ líle láti orí òkè, fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó lè dúró. Ọjọ́ méjì ṣòfò.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Bàbá Zvane wá sílé wa lọ́sàn-án. Kò jókòó. Ó dúró sójú ilẹ̀kùn, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìyàwó. Lánàá, nígbà tí oòrùn yọ díẹ̀, ibo lo wà?"

"Lóko ẹ̀fọ́, Bàbá."

"Ṣé o rí nǹkan?"

Mo wo Ìyá Luce. Ó ní, "Dá àgbà lóhùn."

"Mo rí wọn, Bàbá."

"Mélòó?"

"Wọ́n tó ọgbọ̀n. Apá òsì ni wọ́n gbà wọlé. Wọ́n yí lẹ́ẹ̀mejì nínú àwọ̀n, wọ́n jáde."

"Lẹ́ẹ̀mejì!" Ó gbá fìlà mọ́ itan. "Oòrùn wà lójú omi, mi ò rí ju wúrà lọ." Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá mi àgbà ló kọ́ mi pé obìnrin kì í gùn ún. Bàbá tirẹ̀ ló kọ́ ọ."

Ìyá Luce ní, "Zvane, bàbá bàbá ẹ kò rí ọkọ̀ abẹ́ omi rí."

"Ẹja ò fẹ́ obìnrin lókè, Luce."

"Mọ́kàndínlógún fẹ́ ẹ."

Ó dé fìlà, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n Franka sọ pé, "Ó wá bèèrè, kò wá gbọ́." Bartol ti di ẹrù kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ìbọ̀sẹ̀ méjì, ọbẹ, ṣíbí. Mo tú u. Nígbà tí mo padà wọlé, ó ti tún un dì.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ọ̀la ni ọjọ́ Máíkẹ́lì Mímọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ Késárì ti sùn sí ìlú kejì, wọ́n á dé kí a tó jáde ní Máàsì.

Mo mú ìwé yìí dání wá síbi okùn. Ẹ̀gbọ́n Franka ti rí i, ó ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo rẹwà." Mo ti kọ ọ́. A jókòó lórí àpáta láti ìdájí, obìnrin mẹ́rìnlá, okùn wà lórí itan wa. Bàbá Zvane wà lókè. Ó ti di àkàbà mú bí ẹni di òpó ìgbòkun mú nínú ìjì. Bartol wà nínú ọkọ̀, ó mú àjẹ̀, ó kọjú sí ibi tí mo wà. Mo mọ̀ pé aṣọ mi nìkan ló ń rí, bí àbàwọ́n, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò.

Oòrùn ti yọ. Omi di wúrà, bí Bàbá Zvane ti wí.

Ìwé, àwọn túnà ti dé. Mo rí wọn láti ibi tí mo jókòó sí. Wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà omi, apá òsì, wọ́n ṣù. Bàbá Zvane ń wo apá ọ̀tún. A kì í bá ẹni tó wà lórí àkàbà sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣe é rí. Mò ń kọ ọ́ kí n má baà kígbe. Wọ́n dúró. Wọ́n ń rò ó. Ẹ̀gbọ́n Franka ń wo ojú mi, ó ní, "Wọ́n wà níbẹ̀, àbí?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo dìde dúró. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo na ọwọ́ mi sí apá òsì, mo nà án tán pátápátá, mi ò sọ̀rọ̀. Bàbá Zvane ti rí mi. Ó wo ọwọ́ mi. Ó wo omi, kò rí nǹkan. Ó tún wo ọwọ́ mi.

Ó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo tún jókòó, ìbẹ̀rù ló mú mi jókòó, mo rò pé ó ń bọ̀ wá gbá mi létí. Ó ti dé ilẹ̀, ó bọ́ fìlà. Kò pè mí ní ìyàwó. Ó ní, "Perina!" níwájú gbogbo wọn, "Perina, ọmọ mi, gòkè kíá," mo sì fẹ́ kọ ọ́ pé wọ́n ti ń wọlé, àwọn tó ṣáájú ti kọjá àpáta, wọ́n pọ̀ ju mọ́kàndínlógún lọ. Ó tó, Ìwé, mò ń gòkè.